Kì í Ṣe Gbogbo Ọwọ́ Tó Wú Ló Kàn Rọ́ Lásán

Ìran kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró létí pápá ilé-ẹ̀kọ́ girama rí ní ọjọ́ ìdíje. Àwọn ọmọ ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ta mọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí ìka, ọmọ náà pariwo, ó fi ọwọ́ kejì di ìka náà mú. Olùkọ́ tó ń darí eré sáré wọlé, ó gbá ìka náà mú, ó fà á títí tó fi dún "kọ́!", ó sì ní kí ọmọ náà máa ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn. Ẹnìkan mú róòbù wá, wọ́n fi wọ́ ọ. "Ó kàn rọ́ ni, kò sí nǹkan kan." Eré tẹ̀síwájú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orí ìka yẹn ti tẹ̀ sílẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé, ọmọ náà kò sì lè nà án mọ́.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni "ó kàn rọ́ ni", àmọ́ ó ti ba ọwọ́ púpọ̀ jẹ́ tí ì bá ti san. Kò sí ìkà nínú ẹni tó ń sọ ọ́. Ìtùnú ló fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó ń jẹ̀rora, ó sì fẹ́ kí eré máa lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tó rọ́ àti ọwọ́ tí egungun rẹ̀ sán ní gbogbo ìgbà. Àwọn oníṣègùn tó fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ka ìwé nípa egungun gan-an a máa ṣiyèméjì. Kí wá ni ìdánilójú ẹni tó jẹ́ pé fèrè nìkan ló mú wá sí pápá?

Bí ọ̀rọ̀ ìfarapa nínú eré ìdárayá bá jáde nínú ìròyìn nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Orúnkún agbábọ́ọ̀lù kan lè gba ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kò yani lẹ́nu, nítorí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọba eré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ọ̀pọ̀ nínú eré tí àwọn ọ̀dọ́ wá fi díje níbẹ̀ ló jẹ́ eré ọwọ́: ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, tẹníìsì orí tábìlì, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, fọ́líbọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ni àwọn obìnrin D'Tigress fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Ọwọ́ kan náà ni Ṣẹ́gun Toriọlá àti Fúnkẹ́ Oṣónáìkè fi gbé tẹníìsì orí tábìlì dé ìdíje Olympics lẹ́ẹ̀méje ẹnìkọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ ń gba irú ògo bẹ́ẹ̀ wá fún kò yẹ kó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọwọ́.

Ti ògo tilẹ̀ kéré. Yorùbá ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an nínú ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí ni aránṣọ ọ̀la, òun ni onídìrí, òun ni mẹkáníìkì, òun ni onílù, òun ni nọ́ọ̀sì tó máa fi abẹ́rẹ́ wá iṣan. Agbábọ́ọ̀lù tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó sì máa jẹun. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè pàdé ìka yòókù mọ́ kò ní ibi méjì tó lè jókòó sí. Nítorí náà, ìfarapa ọwọ́ nínú eré kì í parí sórí pápá. Ó ń tẹ̀lé ọmọ dé ibi iṣẹ́, ó sì ń bá a wọ inú ọjọ́ ogbó.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí ènìyàn mọ bí Elédùmarè ṣe to ọwọ́. Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́jọ nínú wọn kéré bí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì tò sí ọrùn ọwọ́ ní ọ̀wọ́ méjì. Márùn-ún gùn gba inú àtẹ́lẹwọ́, mẹ́rìnlá yòókù sì pín ara wọn sáàárín àwọn ìka: méjì fún àtàǹpàkò, mẹ́ta mẹ́ta fún ìka mẹ́rin tó kù. Àwọn egungun méjì tó wà nínú apá ìsàlẹ̀ ló gbé gbogbo èyí dúró, àwọn méjèèjì ló sì lọ pàdé egungun apá òkè ní ìgúnpá. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí lè yí lórí èkejì, òun ló jẹ́ kí ènìyàn lè da àtẹ́lẹwọ́ bolẹ̀ kó sì tún ṣí i sókè láti gba owó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kò sí ẹran kankan nínú ìka fúnra rẹ̀ tó ń ká a tàbí tó ń nà án. Inú àtẹ́lẹwọ́ ni díẹ̀ nínú àwọn ẹran tó ń darí ìka wà. Àwọn tó lágbára jù nínú wọn wà lókè, lẹ́bàá ìgúnpá, wọ́n sì ń fi iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn fa ìka bí ẹni tó ń fi okùn jó ọmọlangidi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó gbé apá lé orí tábìlì, kó máa ta ìka bí ẹni tó ń tẹ dùùrù, kó sì wo bí ẹran apá ṣe ń jó lábẹ́ awọ nítòsí ìgúnpá. Ìdí nìyí tí ìṣòro ìgúnpá fi ń di ìṣòro ìka, tí gígé tàbí jíjá iṣan kékeré kan lórí ìka sì fi lè sọ ẹran ńlá kan nínú apá di aláìníṣẹ́.

Okùn ìmọ̀lára mẹ́ta ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́, tó sì ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù padà. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá lábẹ́ awọ lásán, láìsí ẹran tó bò ó. Òun ni ìgúnpá máa ń kan ara ògiri tí ọwọ́ á sì mì jìnnìjìnnì dé ìka tó kéré jù. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń bọ́ gbogbo ọwọ́ gba iwájú ìgúnpá, níbi tí egungun tó bá ṣẹ́ ti lè gún un tàbí kó fún un pa. Àyè yìí há gan-an, ibẹ̀ sì ni èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìka ni kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ padà sí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ta mọ́ orí ìka tó nà, ó lè já iṣan pẹlẹbẹ tó ń na oríkèé tó súnmọ́ èékánná, tàbí kí iṣan náà fa èérún egungun kan yọ. Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ orí pápá yẹn. Ìtọ́jú rẹ̀ kò wọ́n rárá, ó kàn gba sùúrù ni. Igi pẹlẹbẹ kékeré kan tàbí rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n máa fi na orí ìka náà gbọnrangandan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ kó ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ká lẹ́ẹ̀kan níbi ìwẹ̀, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Fífa ìka títí tó fi dún kò lè so iṣan tó já pọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lè sọ egungun tó sán di èyí tó yà.

Òdìkejì rẹ̀ wà, òun ló sì ń tanni jẹ jù. Agbábọ́ọ̀lù di aṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, onítọ̀hún sáré já, ìka òrùka sì bá aṣọ lọ. Ìka náà lè nà dáadáa lẹ́yìn náà, kò ní tẹ̀, kò ní wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó di ìkúùkù, orí ìka náà nìkan kò ní ká. Iṣan tó ń ká a ló já, ó sì lè ti sún padà lọ sínú àtẹ́lẹwọ́. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè dá a padà, kò sì yẹ kó kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣe é. Mélòó nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló mọ̀ pé ìka tí kò dùn wọ́n púpọ̀ mọ́ ní ọjọ́ kẹta lè máa sún mọ́ àìníṣẹ́ títí ayé?

Àwọn abẹ̀ṣẹ́ ní tiwọn. Egungun tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ní ìdí ìka tó kéré jù ló máa ń ṣẹ́ jù nígbà tí wọ́n bá fi ìkúùkù gbá ohun líle, àwọn òyìnbó sì ti sọ ọ́ lórúkọ abẹ̀ṣẹ́. Orúkọ náà kò tọ́ sí wọn tán, nítorí abẹ̀ṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ a máa fi ìdí ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín gbá ni; àwọn tó ń bínú gbá ògiri àti ilẹ̀kùn ló ń ṣẹ́ èyí tó wà létí. Bí ìkúùkù bá sì kan eyín ẹlòmíràn, tí ojú egbò kékeré kan là lórí oríkèé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ìdọ̀tí ẹnu ènìyàn lè wọ inú oríkèé lọ láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí onítọ̀hún gbà lọ lọ́jọ́ náà, ì báà tijú ohun tó fa ìjà.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìfarapa tí "ó kàn rọ́ ni" ń bò mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó dọ́gbọ́n tó ti ọrùn ọwọ́. Bí ènìyàn bá ń ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ́lé ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìjàkadì ń rí. Nínú àwọn egungun mẹ́jọ tó wà níbẹ̀, ọ̀kan wà lápá àtàǹpàkò tí wọ́n ń pè ní scaphoid, nítorí pé ó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Òun ló máa ń ṣẹ́ jù nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ gba ìhà ọ̀dọ̀ ìka wọlé, ó sì ń ṣàn padà sí ìhà ọ̀dọ̀ apá. Bí egungun náà bá ṣẹ́ láàárín, ìdajì tó wà lápá ìsàlẹ̀ lè máa rí oúnjẹ gbà, kí ìdajì kejì sì máa kú díẹ̀díẹ̀ bí àdúgbò tí páìpù omi rẹ̀ já.

Ọwọ́ náà lè má wú púpọ̀. Kò ní yí, kò ní gọ́. Ó lè ṣì gbé kọ́ńbù, ó lè ṣì kọ̀wé. Àmì tó dájú díẹ̀ ni ìrora tó wà nínú kòtò kékeré tó máa ń hàn lẹ́yìn ọwọ́ ní ìdí àtàǹpàkò, bí ènìyàn bá na àtàǹpàkò sókè. Bí wọ́n bá fi ìka tẹ ibẹ̀ tí onítọ̀hún fò sókè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tó rọ́. Èyí tó wá burú ni pé X-ray ọjọ́ kìíní gan-an lè má fi ojú ibi tó sán hàn. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í torí bẹ́ẹ̀ dá aláìsàn sílẹ̀: ó máa de ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, á sì ní kó padà wá lẹ́yìn bí ọjọ́ 10 sí 14 kí wọ́n tún ya á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n ti san owó X-ray lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ara sì ti ń tu wọ́n díẹ̀. Ta ló máa tún san èkejì? Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n ní òwúrọ̀, tí agbára ìdìmú á máa dínkù, tí káfíńtà ọmọ ọgbọ̀n ọdún á sì máa gbé òòlù bí arúgbó. Egungun tí P.O.P. oṣù méjì tàbí mẹ́ta lè so pọ̀ ti di àrùn oríkèé.

Ìgúnpá ń jìyà lọ́nà méjì: díẹ̀díẹ̀ àti lójijì. Ti díẹ̀díẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi tẹníìsì sọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ṣe kò di rákẹ́ẹ̀tì mú rí. Iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè ló ń bàjẹ́ níbi tó ti so mọ́ egungun ní ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá, nítorí àtúnṣe ìgbésẹ̀ kan náà lẹ́gbẹ̀rún ìgbà: ẹni tó ń kun ilé, ẹni tó ń fi sípánà yí nọ́ọ̀tì, ẹni tó ń fún aṣọ. Sachin Tendulkar, ògbóǹtarìgì eléré kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Íńdíà, ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2004 títí tó fi di iṣẹ́ abẹ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ìsinmi, ìdínkù iṣẹ́ àti eré tó ń fún iṣan náà lágbára díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wo èyí tó pọ̀ jù sàn, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.

Ẹni tó bá ń rò pé ìgúnpá tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn, kó rántí Tommy John. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù baseball. Ní ọdún 1974, iṣan tó so egungun mọ́ egungun ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá rẹ̀ já. Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tó já. Ọkùnrin náà kò jù bọ́ọ̀lù rárá nínú ìdíje ọdún 1975, ó fi ọdún náà tún ọwọ́ kọ́, ó padà ní 1976, ó sì ń jù ú títí di 1989. Owó wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ẹgbẹ́ ńlá ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ kí dókítà kankan tó lè ṣe iṣẹ́ àrà, ó di dandan kí ọwọ́ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàyè.

Èyí ló gbé ọ̀rọ̀ dé orí ìfarapa òjijì, pàápàá ti ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣeré, ó já bọ́ láti orí igi máńgòrò tàbí orí pẹpẹ, ó fi ọwọ́ tó nà gúnlẹ̀. Egungun apá òkè ṣẹ́ díẹ̀ lókè ìgúnpá, níbi tó tín-ín-rín jù. Ìgúnpá wú bí búrẹ́dì. Òbí gbé e, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Baba fà á, ó fi oparun pẹlẹbẹ yí i ká, ó sì dè é pinpin, nítorí ìgbàgbọ́ pé ohun tí wọ́n dè le ló máa ń jinná. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan pẹ̀lú, wọ́n tọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, ọwọ́ ọmọ ti jinná nìyẹn. Ní òru, ọmọ ń ké. Wọ́n ní kó fara dà á, egungun ló ń wọlé.

Ó lè jẹ́ pé egungun kọ́ ló ń ké bí kò ṣe ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Apá tó ṣẹ́ á máa wú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìdè tó le kò sì fún un láyè. Ẹ̀jẹ̀ a dúró. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sì sí oògùn tó lè jí i. Richard von Volkmann, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1881: ọwọ́ tó rọ, tí ìka rẹ̀ ká wọlé bí èékánná àṣá, tí kò sì ní ṣí mọ́ láéláé. Ìyẹn sì ni tí orí bá bá a ṣe é. Bí orí kò bá bá a ṣe é, ọwọ́ á dúdú, á máa rùn, gígé ló sì kù. Àwọn oníṣègùn egungun kárí Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé wọn wá.

Ọ̀rọ̀ tó korò níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù gígé ló gbé ọ̀pọ̀ òbí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. "Bí ẹ bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n á gé e ni." Òótọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ojú rí: ọwọ́ wọlé, kò jáde mọ́. Ohun tí wọn kò rí ni pé ọwọ́ náà ti kú kó tó wọlé. Ilé ìwòsàn egungun Ìgbóbì ní Èkó, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ti di orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kò lè jí ẹran tó kú ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

Kò sì tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni máa fi àwọn tó ń to eegun ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n súnmọ́ni, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, wọn kì í ní kó lọ san owó ní wíńdò mẹ́ta kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń tọ́jú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ egungun tó ṣẹ́ nílẹ̀ yìí ń jinná lọ́wọ́ wọn, pàápàá èyí tí kò yà. Ẹni tó bá ní kí ìjọba lé gbogbo wọn kúrò nílé kò tíì ronú nípa ẹni tó máa rọ́pò wọn ní ìgbèríko tí kò ní X-ray kan ṣoṣo.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n kọ́ wọn ní ohun díẹ̀, kó sì di àṣẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìṣègùn ìbílẹ̀. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó mú un ní dandan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ de ọwọ́ pa títí yí i ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kí ìka máa wà níta láti rí, pé kí wọ́n máa tẹ èékánná kí ó funfun kí wọ́n sì wò bóyá ó ń pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìka tó tutù, tó ń ta jìnnìjìnnì, tí kò lè yí, tàbí tí ọmọ ń ké gidigidi bí ẹlòmíràn bá rọra nà án: kí wọ́n tú ìdè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Kò sí èyí tó kọjá òye ẹni tó lè fi ọwọ́ lásán mọ ibi tí egungun ti yà.

Fífi ọwọ́ wọ́ ìgúnpá náà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Lójú àwọn àgbà, ìgúnpá tó gan lẹ́yìn ìfarapa gbọ́dọ̀ rí omi gbígbóná àti òrí, kí wọ́n sì fi agbára nà án. Àmọ́ ìgúnpá kò rí bí ẹ̀yìn tàbí èjìká. Bí wọ́n bá ń fi agbára wọ́ ọ, egungun tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ẹran tó ti fara pa níbẹ̀, oríkèé á sì di pátápátá. Omi gbígbóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ń mú kó wú sí i ni. Omi inú ọ̀rá tó ti dì, tí wọ́n fi aṣọ wé kó má bàa jó awọ, tí wọ́n gbé lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú, sàn ju gbogbo róòbù tó wà lọ́jà lọ. Kò sì wọ́n.

Nípa àwọn tó ń darí eré, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Akọ́ni-mọ̀-ọ́n-gbá kì í ṣe oníṣègùn. Kò gbọdọ̀ fa ìka, kò gbọdọ̀ ti ìgúnpá tó yẹ̀ padà, nítorí oríkèé tó yẹ̀ lè ní egungun tó ṣẹ́ nínú, okùn ìmọ̀lára sì lè há sáàárín rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bọ́ òrùka kúrò ní ìka kí ọwọ́ tó wú, kó fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn bó ṣe rí, kó sì rán ọmọ jáde kúrò nínú eré. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ á ní kò sí owó. Aṣọ onígun mẹ́ta, igi pẹlẹbẹ, omi dídì àti ìdajì ọjọ́ kan tí nọ́ọ̀sì àdúgbò fi dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ kò tó owó ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó borí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó rí owó ra aṣọ eré aláràbarà fún ilé mẹ́rin, tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àgọ́ fún àwọn àlejò, kò lè ṣe àwáwí owó lórí ọ̀já kan.

Sáà ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ kò ní pẹ́ dé mọ́, ìwé ìpè yóò sì máa dé ọwọ́ àwọn òbí, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa san fún aṣọ eré. Kí òbí tó san án, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè orúkọ ẹni tí yóò wà létí pápá bí ọmọ bá ṣubú, ohun tó wà nínú àpótí ìtọ́jú, ilé ìwòsàn tó ní X-ray tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, àti ẹni tí yóò gbé ọmọ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.